Core 8, Síbẹ̀ Fídíò Ń Tiro: Bí Sọ́fítíwia Ẹ́díìtì Ṣe Ń Lo Pírósẹ́sọ̀ àti RAM

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ṣe ẹ́díìtì fídíò kì í yé bi ara wọn: "Láptọ́ọ̀pù mi ní core 8, RAM rẹ̀ kò kéré, kí ló wá dé tí fídíò ṣì ń tiro lórí timeline?" Core ni ẹ̀yà inú pírósẹ́sọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, timeline sì ni ibi tí a ń to kílíìpù sí nínú sọ́fítíwia ẹ́díìtì. Ẹni tó bá gbọ́n débi pé ó ṣí Task Manager, ojú ewé Windows tó ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ á tún rí ohun tó rúni lójú ju ìyẹn lọ. Pírósẹ́sọ̀ kò tíì lo ìdajì agbára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fídíò ń há. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, àwọn core kan sì káwọ́ lẹ́rán.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n ka ẹ́díìtì sí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí fírémù kan, ìyẹn ẹyọ àwòrán kan nínú fídíò, tó hàn lójú yín, sọ́fítíwia ní láti kà á láti orí díìsìkì, kó tú u torí wọ́n ti fún un pọ̀ nínú fáìlì, kó tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, kó gbé àkọlé àti àwòrán mìíràn lé e lórí, kó tó wá gbé e sójú síkíríìnì. Tó bá jẹ́ export lẹ ń ṣe, ìyẹn sísọ iṣẹ́ tó parí di fáìlì fídíò kan, ó ṣì ku kó tún un dì, ìyẹn kó fún un pọ̀ padà, kó sì kọ ọ́ sórí díìsìkì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ yìí ló ní ìwà tirẹ̀. Òmíràn ṣeé pín fún core 16, gbogbo wọn á sì rí ṣe. Òmíràn ò ṣeé pín bó ti wù kó rí. Òmíràn kì í tilẹ̀ gba ọ̀dọ̀ pírósẹ́sọ̀ kọjá rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi fídíò òde ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ẹ́díìtọ̀ wa: ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn, kámẹ́rà méjì, dróònù kan, àti fídíò díẹ̀ tí àwọn ẹbí fi fóònù yà. Àwọn kan jẹ́ 4K, àwọn kan jẹ́ 1080p tí píksẹ́lì rẹ̀ (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) kéré sí i, H.264 tàbí H.265, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀, sì ni gbogbo wọn.

Bí core ṣe di púpọ̀

Títí di nǹkan bí ọdún 2004, ohun tí àwọn tó ń ṣe pírósẹ́sọ̀ ń ṣe kó lè yá sí i ni pé wọ́n ń gbé iye GHz rẹ̀ sókè. Lọ́dún náà ni Pentium 4 ti Intel dé 3.8GHz, ibẹ̀ ló sì há sí. Bí wọ́n bá tún tì í síwájú, ooru rẹ̀ àti iná tó ń jẹ kò ní ṣeé fara dà mọ́. Nígbà tó di 2005, Intel àti AMD bẹ̀rẹ̀ sí í fi core méjì sínú pírósẹ́sọ̀ kan ṣoṣo fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Látìgbà náà ni ẹrù ti bọ́ sọ́rùn àwọn tó ń kọ sọ́fítíwia. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà tuntun, sọ́fítíwia àtijọ́ yín á kàn yá ni, ẹnikẹ́ni ò ní láti tún un kọ. Ní báyìí, bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀, core kan ṣoṣo ni yóò máa lò láti àárọ̀ di alẹ́, ì báà jẹ́ 32 ló wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pín iṣẹ́ sí ni wọ́n ń pè ní thread. Láti 2002 ni Intel ti gbé Hyper-Threading jáde, tó ń jẹ́ kí core kan gba thread méjì pọ̀. AMD náà ní irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pírósẹ́sọ̀ tó ní core 4 fi ń fi 8 hàn nínú Windows. Ẹ má kà á sí core 8 o. Nígbà tí thread kìíní bá ń dúró de nǹkan láti inú RAM, thread kejì á lo àyè tó ṣófo yẹn. Ó ń ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ kò sún mọ́ core gidi.

Ibí yìí gan-an ni àwọn tó ń ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ti ń forí gbárí. Ẹni tó ń tà á ní Computer Village ní Ìkẹjà á ní "i7 ni, ọ̀gá mi," ẹni tó ń rà á á sì sanwó i7. Bẹ́ẹ̀ Core i7-7500U tó jáde lọ́dún 2016, core 2 péré ló ní, thread rẹ̀ jẹ́ 4. Core i5-8250U tó dé lọ́dún 2017 ní core 4 àti thread 8. i5 ni wọ́n kọ sí i lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá di pé ká fi pírósẹ́sọ̀ dì fídíò, ó máa fi i7 yẹn sẹ́yìn dáadáa. i5 tàbí i7 kò sọ iye core fún wa. Nọ́mbà tó tẹ̀lé e ló ń sọ ìran tó ti wá, 7 fún ìran keje, 8 fún ìkẹjọ. Kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ ní kó tàn án, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ wo iye tó wà níwájú "Cores". Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀.

Nínú àwọn tuntun pàápàá, core kò dọ́gba mọ́. Apple M1 tó jáde lọ́dún 2020 ní 4 tó lágbára àti 4 tó ń ṣọ́ iná lò. Ìran kejìlá ti Intel, ní ìparí 2021, náà gba ọ̀nà yẹn. Torí náà, core 8 ti láptọ́ọ̀pù kan lè má jẹ́ ẹgbẹ́ core 8 ti òmíràn.

Fáìlì kékeré tó ń wúwo

Ẹ padà sórí fídíò ìgbéyàwó wa. H.264, tó di ìlànà lọ́dún 2003, àti H.265 tó tẹ̀lé e ní 2013, kì í tọ́jú gbogbo fírémù lódindi. Ìyàwó dúró níwájú ògiri, ògiri ò kúrò lójú kan. Kí la fẹ́ máa tọ́jú ògiri yẹn lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún? Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á tọ́jú fírémù kan pátá, wọ́n á wá kọ kìkì ohun tó yí padà sínú àwọn tó tẹ̀lé e: ọwọ́ ìyàwó tó gbé sókè, owó tí wọ́n ń ná an. Àwọn fírémù kan tún wà tó ń wo èyí tó ṣáájú wọn àti èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn kí wọ́n tó pé.

Ọgbọ́n yẹn ló jẹ́ kí fídíò wọ inú fóònù. Òun náà ló sì ń fìyà jẹ ẹ́díìtọ̀. Tí ẹ bá gbé àmì kékeré orí timeline sí fírémù 40, sọ́fítíwia kò lè kàn ṣí fírémù 40. Ó ní láti padà lọ wá fírémù odindi tó wà ṣáájú rẹ̀, ká ní fírémù 1 ni, kó wá máa tú wọn bọ̀ ní ẹsẹẹsẹ títí dé ibi tí ẹ wà. Èyí tó wà lẹ́yìn ń dúró de èyí tó wà níwájú. Core 8 lè jókòó síbẹ̀, ohun tí wọ́n lè pín láàárín ara wọn kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń há tí ẹ bá ń fo síwá fo sẹ́yìn láti wá ibi tí ẹ fẹ́ gé, tàbí tí ẹ bá ní kí fídíò máa lọ sẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa lọ síwájú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sí wàhálà. Kámẹ́rà mélòó kan tó ń lọ pa pọ̀ nínú fèrèsé multicam, ẹ̀ẹ̀kan náà ni sọ́fítíwia gbọ́dọ̀ máa tú gbogbo wọn.

ProRes tí Apple gbé jáde lọ́dún 2007, àti DNxHD ti Avid, gba ọ̀nà mìíràn. Fírémù kọ̀ọ̀kan dá dúró níbẹ̀, kò gbára lé ẹnikẹ́ni. Core kan á mú fírémù 1, ìkejì á mú 2, ìkẹta á mú 3, kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan. Owó rẹ̀ ni àyè díìsìkì. Ìṣẹ́jú kan ProRes 422 ní 1080p, fírémù 25, ń lọ sí nǹkan bí 900MB. Ìṣẹ́jú kan bẹ́ẹ̀ láti inú fóònù lè má ju 130MB lọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń rò pé fáìlì tó kéré ló máa fúyẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Òdì kejì rẹ̀ ló rí.

Ó wá ku ìdí mìíràn tí àwòrán pírósẹ́sọ̀ nínú Task Manager fi lè wà nísàlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ: ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òun ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Láti 2011 ni Intel ti ń fi ẹ̀yà kékeré kan tó ń jẹ́ Quick Sync sínú ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tú fídíò, kó sì máa dì í. Káàdì gíráfíìsì NVIDIA àti AMD ní irú rẹ̀, àwọn ti Apple náà ní. Tí sọ́fítíwia bá lò ó, core lè sinmi láìsí àléébù kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà yìí kò mọ ju ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ. Àwọn kámẹ́rà kan ń ya H.264 ní 10-bit 4:2:2, ọ̀nà kan tó ń tọ́jú àwọ̀ púpọ̀ sí i, tó dára púpọ̀ fún títún àwọ̀ ṣe, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà yìí kò lè tú. Ẹ ó kàn rí i pé kílíìpù kámẹ́rà kìíní ń lọ bí omi; bí àmì orí timeline bá ti wọ ti kámẹ́rà kejì báyìí, fáànù á ké, core gbogbo á kún, fídíò á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Irú fáìlì ló yí padà.

Ohun tó ṣeé pín àti ohun tí kò ṣeé pín

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí. Èèyàn 10 lè jókòó bó ẹ̀gẹ́, kó sì tán kíákíá. Èèyàn 10 lè dáná sábẹ́ agbada 10 kí wọ́n máa yan án. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dì í sínú àpò, tí wọ́n gbé òkúta lé e kí omi ara rẹ̀ lè ro, ì báà jẹ́ gbogbo abúlé ló pagbo yí i ká, iye ọjọ́ tó máa lò ni yóò lò.

Gene Amdahl, ará Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú kíkọ́ kọ̀ǹpútà, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìṣirò lọ́dún 1967. Ká ní export kan gba 60 ìṣẹ́jú lórí core kan, kí 45 nínú rẹ̀ ṣeé pín, kí 15 má ṣeé pín. Core 4 á sọ 45 yẹn di 11 ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀; ẹ fi 15 kún un, ó di nǹkan bí 26. Core 8 á mú un wá sí nǹkan bí 21. Core 16 ńkọ́? Nǹkan bí 18. Ẹ ti ra ìlọ́po méjì core, ohun tí ẹ rí gbà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ẹ bá tiẹ̀ lọ wá core 100, kò ní wálẹ̀ dé 15 láé. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ìpolówó pírósẹ́sọ̀ fi ìṣirò yìí sápò.

Kí wá ni 15 yẹn nínú iṣẹ́ tiwa? Apá kan nínú títú H.264 wà níbẹ̀. Àwọn effect, ìyẹn àrà tí ẹ ń fi sórí kílíìpù, tó ní láti mọ ohun tí fírémù tó kọjá jẹ́ kí wọ́n tó ṣe ti báyìí wà níbẹ̀. Àwọn effect àtijọ́ tí ẹni tó kọ wọ́n kò ronú ju core kan lọ pọ̀ níbẹ̀, èyí ló sì ń burú jù, torí effect kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lórí kílíìpù kan lè mú gbogbo timeline dúró. Àwọn core yòókù á ti ṣe tiwọn tán, wọ́n á máa wò ó.

Títún àwọ̀ ṣe yàtọ̀. Kí píksẹ́lì kan tó mọ́lẹ̀ sí i, kò ní láti bi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léèrè. Iṣẹ́ tó pín sí wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀, GPU, ìyẹn pírósẹ́sọ̀ tó wà fún gíráfíìsì, ló bá a mu jù, torí òun ní ẹ̀yà kéékèèké rẹpẹtẹ tó lè ṣe nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan. DaVinci Resolve, sọ́fítíwia ẹ́díìtì kan, gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ lé GPU lọ́wọ́. Ẹni tó bá ra pírósẹ́sọ̀ ńlá fún Resolve, tó wá fi káàdì gíráfíìsì tí kò ní láárí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, owó rẹ̀ ti bá odò lọ. Premiere Pro ti Adobe náà ń lo GPU fún ọ̀pọ̀ effect rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbára lé pírósẹ́sọ̀ ju Resolve lọ.

RAM

Lórí RAM ni àríyànjiyàn ti ń pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ìṣirò lásán ni. Fírémù 4K kan jẹ́ píksẹ́lì 3,840 ní ìbú àti 2,160 ní òró, ìyẹn 8,294,400 lápapọ̀. Nínú fáìlì, dídì ló wà, kò tó nǹkan. Kò sí sọ́fítíwia tó lè ṣiṣẹ́ lórí fírémù tí wọ́n dì. Ó gbọ́dọ̀ tú u síta, inú RAM ló sì ń tú u sí. Tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 4, èyí tí wọ́n ń pè ní 8-bit, fírémù kan di nǹkan bí 33MB. Tí ẹ bá gbé After Effects, sọ́fítíwia Adobe fún àkọlé àti àrà fídíò, sí 32-bit tó ń tọ́jú àwọ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, báìtì 16 ni píksẹ́lì kan ń gbà, fírémù kan á sì di nǹkan bí 133MB. Fírémù 25 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan fídíò wa: ó di 830MB ní 8-bit, ó lé ní 3.3GB ní 32-bit. Ẹ wo ìyẹn ná. Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré, ní 8-bit, ti lé ní 8GB.

Ìyẹn ló fà á tí After Effects fi ń gbé RAM mì. Ó ń tọ́jú fírémù tó ti ṣe parí síbẹ̀ kó lè fi wọ́n hàn yín bó ṣe yẹ. Ìlà aláwọ̀ ewé tó ń gùn lórí timeline rẹ̀ ló ń sọ ibi tó ti ṣe dé. Premiere àti Resolve kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wo fídíò lásán. Wọ́n á tú díẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n á fi hàn, wọ́n á dà á nù. Torí náà, ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó ní 1080p àti ẹni tó ń fi After Effects ṣe àkọlé tó ń fò kiri, ohun tí wọ́n nílò kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Adobe fúnra rẹ̀ dá a lábàá pé 16GB tó fún HD, kí ẹ ní 32GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún 4K. Lójú tèmi, 8GB ṣeé fi kọ́ṣẹ́, kò ṣeé fi jẹun.

Àmọ́ RAM kì í mú iṣẹ́ yá. Àìtó rẹ̀ ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ méjì sì ni. Bí iṣẹ́ yín kì í bá kọjá 11GB nínú 16GB, tí ẹ bá lọ fi 64GB sí i, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan lórí export. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tó bá kún. Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn nǹkan inú rẹ̀ lọ sórí díìsìkì kó lè ráyè. Igi RAM DDR4-3200 kan lè gbé tó 25.6GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD lásán tó ń lo SATA kì í kọjá nǹkan bí 550MB, háàdì díìsìkì tó ń yí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju 150MB lọ. Ẹ ó gbọ́ tó ń ké kẹẹ kẹẹ nínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́, àwọn core á wá tún jókòó kalẹ̀, wọ́n ń retí díìsìkì. Ìdí mìíràn nìyí tí pírósẹ́sọ̀ fi lè wà ní ìdá díẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan ti há.

Ìtàn díẹ̀ lórí èyí. Sọ́fítíwia 32-bit (èyí yàtọ̀ sí 32-bit ti àwọ̀ tí a sọ lókè) kò lè ka àdírẹ́ẹ̀sì RAM tó ju 4GB lọ, ó tilẹ̀ máa ń rí gbà tó kéré sí ìyẹn lórí Windows. Premiere Pro CS5 ní ọdún 2010 ló kọ́kọ́ jẹ́ 64-bit pátápátá. Final Cut Pro X ti Apple tẹ̀lé e lọ́dún 2011. Ẹni tó bá ṣì ń lo CS4 tí ọ̀rẹ́ kan kọ sórí fláàṣì fún un, ì báà jẹ́ 64GB ló rà, sọ́fítíwia yẹn ò ní dé ibẹ̀.

Core àti RAM tún so mọ́ra ní ọ̀nà kan tí kò hàn lójú. Bí core 8 bá ń ṣe fírémù 8 lẹ́ẹ̀kan náà, fírémù 8 ló gbọ́dọ̀ wà ní títú nínú RAM, pẹ̀lú gbogbo àwòrán tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. After Effects fi èyí hàn wá kedere. Títí di ẹ̀dà 2014, ó ní ètò kan tó ń ṣí ara rẹ̀ ní ìlọ́po mélòó kan lẹ́yìn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe fírémù tirẹ̀. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló ń béèrè RAM tirẹ̀. Ẹni tó ní core púpọ̀ tí RAM rẹ̀ ò tó, tó bá tan ètò náà, iṣẹ́ rẹ̀ á tún falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Adobe yọ ọ́ kúrò ní 2015, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bínú, torí fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà olówó ńlá kàn ń wo After Effects tó ń ṣe fírémù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù October 2021 ni ètò tuntun, Multi-Frame Rendering, tó dé: sọ́fítíwia kan ṣoṣo, thread púpọ̀, RAM àjùmọ̀lò.

Bí láptọ́ọ̀pù yín kò bá ní káàdì gíráfíìsì tirẹ̀, ẹ rántí pé inú RAM kan náà ni gíráfíìsì ti ń jẹun. Fún irú rẹ̀, igi 8GB méjì dára ju igi 16GB kan lọ, torí méjì ń gbé nǹkan gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Dídì rẹ̀ padà

Nígbà export, H.264 máa ń gé fírémù sí igun mẹ́rin kéékèèké, píksẹ́lì 16 sí 16. Ní 1080p, ìlà 68 ló ń jẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní 4K, 135. Igun kọ̀ọ̀kan máa ń wo aládùúgbò rẹ̀ tó wà lókè àti lápá òsì kí wọ́n tó dì í, kò sì lè rọrùn láti fọ́n gbogbo rẹ̀ ká. Ohun tí x264, tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ ń lò, máa ń ṣe ni pé bí fírémù kan bá ti lọ dé ìlà kan, core mìíràn á bẹ̀rẹ̀ fírémù tó kàn láìdúró kó tán. Bí ìlà bá ṣe pọ̀ tó ni àyè tí core ní láti tẹ̀lé ara wọn ṣe pọ̀ tó. Ìyẹn ni export 4K fi máa ń kún inú core 16 dáadáa, tí ti 1080p á fi ṣe ìwọ̀nba.

Ẹ lè fi Quick Sync tàbí ti NVIDIA dì í. Á yá gan-an, pírósẹ́sọ̀ á sì fúyẹ́. Bí fáìlì méjèèjì bá tóbi bákan náà, èyí tí x264 fara balẹ̀ dì máa ń mọ́ ju u lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé WhatsApp ni ìyá ìyàwó ti máa wò ó, tí WhatsApp sì máa tún un fún pọ̀ lẹ́yìn yín, kí lẹ fẹ́ máa dáná sun òru fún?

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó ń dí yín lọ́wọ́

Ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún máúsì lórí àwòrán CPU, kí ẹ yan "Change graph to", lẹ́yìn náà "Logical processors". Àpótí thread kọ̀ọ̀kan á jáde. Ẹ wá padà sórí timeline, ẹ mú kí fídíò máa lọ níbi tó ti ń há gan-an, kí ẹ máa wò.

Bí gbogbo àpótí bá kún dé òkè, pírósẹ́sọ̀ ń ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Core púpọ̀ sí i máa ràn yín lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá kún tí àwọn yòókù wà nílẹ̀, effect kan tàbí irú fáìlì kan ló dá yín dúró. Ẹ pa effect náà fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó máa lọ. Bí kò bá sí èyí tó kún, ẹ wo Memory, ẹ wo Disk, ẹ wo GPU, pàápàá ibi tí wọ́n kọ "Video Decode" sí. Díìsìkì tó dúró lórí 100% nígbà tí Memory ti kún, RAM ló tán. Díìsìkì tó dúró lórí 100% nígbà tí Memory ṣì láyè, orí háàdì díìsìkì tó ń falẹ̀ ni ẹ kó fídíò sí.

Nínú Premiere, Preferences ní ojú ewé kan tó ń jẹ́ Memory, níbi tí wọ́n kọ iye RAM tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn sọ́fítíwia mìíràn sí. Àwọn kan máa ń fà á sísàlẹ̀ pátápátá kí Premiere lè rí gbogbo rẹ̀ lò, Windows fúnra rẹ̀ á wá máa jà fún àyè. Ẹ fi í síbi tó wà. Chrome tó ní táàbù 30 ni kí ẹ pa.

Iná wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Láptọ́ọ̀pù tó bá ń lo bátìrì máa ń dín agbára pírósẹ́sọ̀ kù, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì dín ti GPU kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí NEPA bá mú iná lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín export, kó má yà á lẹ́nu pé àkókò tó kù kàn ń gùn sí i. Ooru náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: yàrá tí afẹ́fẹ́ ò sí, láptọ́ọ̀pù lórí bẹ́ẹ̀dì, eruku nínú fáànù, bí pírósẹ́sọ̀ bá ti gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n fi fún un, òun fúnra rẹ̀ á fẹsẹ̀ falẹ̀.

Kó tó di pé ẹ ná kọ́bọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú proxy. Sọ́fítíwia á ṣe ẹ̀dà kékeré fún kílíìpù kọ̀ọ̀kan, ní ProRes tàbí DNxHR tó tẹ̀lé DNxHD, kó máa fi ẹ̀dà náà ṣiṣẹ́ lórí timeline. Fírémù inú rẹ̀ dá dúró, píksẹ́lì rẹ̀ kò pọ̀, láptọ́ọ̀pù core 4 tó ń mí gúlegúle tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ṣíṣe ẹ̀dà yẹn ń gba àkókò, torí gbogbo H.264 náà ló gbọ́dọ̀ tú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tàn án sílẹ̀ tí ẹ bá ń lọ sùn, bí iná bá wà. Premiere máa ń padà sí fáìlì gidi fúnra rẹ̀ nígbà export. Nínú Resolve, ẹ wo ojú ewé Deliver kí ẹ rí i pé ẹ kò fi àmì sí "Use proxy media" kí ẹ tó tẹ Render.